Ẹ̀kọ́ 14: Olórí Ìbéèrè Òjijì

Ní ilé-ìwé kan ní Anié, àwọn ọmọ ní ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni. Wọ́n máa ń pàdé ní ọ̀sán Ọjọ́rú, lábẹ́ igi máńgòrò. Ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sọ Yorùbá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á sọ Faransé.

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ pe ọmọbìnrin kan. Ìyá rẹ̀ ń ta àgbàdo ní ọjà Anié. Olùkọ́ ní, “Ìwọ ni olórí ìbéèrè òjijì lónìí.”

Kí ni ìbéèrè òjijì? Ìbéèrè tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Olórí á béèrè. Ẹni tí ó bá pè á dìde, á sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kò ní ìwé lọ́wọ́. Kò kọ́ ọ sórí.

Ọmọkùnrin kan jókòó, ó ń wo aago. Bí ìṣẹ́jú 1 bá pé, á gbé ewé tútù sókè. Bí ìṣẹ́jú 1 ààbọ̀ bá pé, á gbé àgbàdo sókè. Bí ìṣẹ́jú 2 bá pé, á gbé ata pupa sókè. Ata pupa ń sọ pé, “Ó tó, jókòó.”

Inú ọmọbìnrin náà dùn. Ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun gbọ́n. Ó na ìka sí ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn. Ọmọ yìí kì í sábà sọ̀rọ̀.

“Ìwọ! Dìde! Kí ló dé tí ọkọ̀ òfúrufú kì í fi já bọ́ láti ojú ọ̀run?”

Ọmọkùnrin náà dìde. Ó wo ilẹ̀. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ó jókòó, ó sì gbé orí lé orúnkún.

Ọmọbìnrin náà kò mọ ohun tí ó lè ṣe. Olùkọ́ kò bá a wí. Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bi í jẹ́jẹ́ pé, “Ìwọ náà, ǹjẹ́ o mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn?”

“Rárá, olùkọ́ mi.”

“Bí àlejò bá dé ilé yín, kí ni ìyá rẹ máa ń ṣe?”

“Ó máa ń gbé àga fún un. Ó máa ń bu omi fún un mu.”

“O káre. Ẹni tí o bá pè láti sọ̀rọ̀, àlejò rẹ ni. Ìbéèrè rẹ ni àga. Gbé àga tí ó lè jókòó lé fún un.”

Ọmọbìnrin náà ronú. Lẹ́yìn náà, ó padà sí iwájú ẹgbẹ́.

“Ẹ má bínú,” ni ó wí. “Ìbéèrè mi le jù. Èmi pàápàá kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí pé ó dìde nígbà tí mo pè é.”

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin náà gbé orí sókè díẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá béèrè ìbéèrè mìíràn: “Iṣẹ́ wo ni o mọ̀ ọ́n ṣe nílé?” Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó rọra ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ara rẹ̀. Gbogbo ọmọ ń ronú. Nígbà náà ni ó tó pe ẹnì kan. Ọmọ yẹn sọ bí a ṣe ń gún iyán. Ẹnì kejì sọ bí ó ṣe ń pọ́n àbúrò rẹ̀ títí yóò fi sùn.

“Ta ni ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀?”

Ọwọ́ kan lọ sókè láti ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ni!

Ó ní, “Bàbá mi máa ń pẹja ní odò Anié. Èmi ni mo máa ń di okùn àwọ̀n mú. Bí ẹja bá wọ inú àwọ̀n, okùn á gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo máa ń mọ̀ kí bàbá mi tó mọ̀.”

Ó sọ ọ́, ó sọ ọ́. Ewé tútù lọ sókè. Àgbàdo lọ sókè. Ata pupa lọ sókè, kò rí i! Àwọn ọmọ tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ sí i

Ní ọdún 1924, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ralph Smedley dá ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ kan sílẹ̀ ní ìlú Santa Ana, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Toastmasters. Ó ti dé ilẹ̀ tí ó ju 100 lọ. Àwọn náà máa ń béèrè ìbéèrè òjijì. Iná tútù, iná yẹ́lò àti iná pupa ni wọ́n fi ń ṣọ́ àkókò. Ẹ gbọ́ ná: Ana ni wọ́n tún ń pe àwa Ifẹ̀ ti Atakpamé àti Anié!

Ohun tí olórí ń ṣe

1. Ó ń béèrè ohun tí gbogbo ọmọ mọ nǹkan nípa rẹ̀.
2. Ó ń kọ́kọ́ béèrè, kí ó tó pe orúkọ.
3. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn yòókù ni ó ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.
4. Kì í fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà.
5. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó dìde.

Ọ̀rọ̀ tuntun

*òjijì*: ohun tí a kò retí
*lójú ẹsẹ̀*: láìpẹ́ rárá
*pàtẹ́wọ́*: fi ọwọ́ lu ọwọ́

Ìbéèrè

1. Níbo ni ẹgbẹ́ náà ti máa ń pàdé?
2. Kí ló dé tí ọmọkùnrin náà kò lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́?
3. Olùkọ́ ní ìbéèrè dà bí àga. Kí ni ó fẹ́ kí ọmọbìnrin náà mọ̀?
4. Báwo ni ọmọkùnrin náà ṣe ń mọ̀ pé ẹja ti wọ inú àwọ̀n?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ jókòó ní mẹ́rin mẹ́rin. Kí ẹnì kan ṣe olórí, kí ẹnì kan mú ewé, àgbàdo àti ata. Bí ẹni tí a pè bá dákẹ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró dè é. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú.