Obìnrin Ọlọ́pàá

Bí ẹ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó rí obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1955 ni wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin sí iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òfin tí wọ́n ṣe fún wọn.

Obìnrin ọlọ́pàá tó bá fẹ́ lọ́kọ gbọ́dọ̀ kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Yóò kọ orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ibi tó ń gbé àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ilé ẹjọ́ kan ní Èkó fagi lé èyí ní 2012.

Ti oyún ló burú jù. Bí èyí tí kò tíì lọ́kọ bá lóyún, wọn á lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin ọlọ́pàá tó fún ọmọge lóyún ńkọ́? Kò sí òfin tó ní kí wọ́n lé e. Àbí obìnrin nìkan ló ń dá oyún ní?

Ní 2021 wọ́n lé obìnrin kan báyìí ní Èkìtì. Kò gbà o, ó pe ẹjọ́. Ní 2024, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ní Àkúrẹ́, sọ pé òfin oyún náà tako ìwé òfin ilẹ̀ wa. Wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 náírà fún obìnrin náà.