Ohun Tí Ó Ṣáájú Àga Sísọ

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ìjọba, bí a bá dárúkọ ìjà àwọn aṣòfin ní Ìbàdàn ní ọdún 1962, àga tí wọ́n sọ lu ara wọn ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Àwa fẹ́ kí ẹ bá wa wo ohun tí ó ṣáájú àga náà.

Olóyè Awólọ́wọ̀ ni olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Olóyè Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, sì ni igbákejì rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni, kì í ṣe méjì. Nígbà tí wọn kò gbọ́ ara wọn yé mọ́, àwọn aṣòfin 66 nínú 124 fọwọ́ sí ìwé sí Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, Gómìnà yọ ọ́, ó sì fi Alhaji Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní inú Ilé Ìgbìmọ̀ nìkan ni a ti lè ka àwọn tí ó fẹ́ni àti àwọn tí ó kọni.

Àwa kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé nínú yàrá kò wojú ẹni tí ó ń kọ̀, kò sì gbọ́ èsì rẹ̀. Nítorí kí a lè máa gbọ́ èsì ni a ṣe kọ́ Ilé Ìgbìmọ̀.

Ní ọjọ́ 25, Ilé pé láti ka ìbò. Ó ti pẹ́ jù. Kò pẹ́ lẹ́yìn àdúrà tí aṣòfin kan fi fò sókè, ó ń ké pé iná ń bẹ lórí òkè. Àga fò, wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ, ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Wọ́n tún padà jókòó lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni ó rí. Ní ọjọ́ 29, Ilé Aṣòfin ní Èkó kéde ìjọba pàjáwìrì. Títí di òpin ọdún, ẹnìkan ṣoṣo, Dókítà Májẹ̀kódùnmí, ni ó ń ṣàkóso fún àwọn tí kò lè jókòó pọ̀.

Ní 1963, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé ìwé náà tó. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ti padà sórí oyè, àwọn aṣòfin rẹ̀ sì yí òfin padà, wọ́n mú un bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnwá, ìdájọ́ náà sì di òfo. Lẹ́yìn ìbò 1965, kì í ṣe àga ni wọ́n ń sọ mọ́. Ilé ni wọ́n ń sun. Ní oṣù kìn-ín-ní 1966, àwọn sójà pa Akíntọ́lá, wọ́n sì gba ìjọba.

Ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì yín: bí àwọn 66 wọ̀nyí bá ti ní kí a pe ìjókòó kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, kí ni ìbá tẹ̀lé e?