Kí O Tó Pààrọ̀ Íǹkì

Ọmọ mi, kò sí bí èèyàn ṣe máa tẹ fọ́tò ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ lónìí tí wọn ò ní fi íǹkì tuntun lọ̀ ọ́. Bí owó íǹkì tó bá ẹ̀rọ rẹ wá láti ilé-iṣẹ́ ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ta ti ẹ̀dínwó ní Computer Village, n'Íkẹjà, ń pè ọ́. Mi ò ní kó o má rà. Òmíràn wà tó dára ju bí ẹnu ayé ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí o ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ ló ká mi lára, pàápàá tó bá jẹ́ fọ́tò dúdú àti funfun lò ń tẹ̀.

Fọ́tò aláwọ̀ mèremère a máa bo àṣìṣe. Bí aṣọ ẹbí bá pupa díẹ̀ jù, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n fọ́tò ìyá àgbà tí wọ́n yà láyé àtijọ́, tí àwọn ọmọ fẹ́ gbé kalẹ̀ níbi ìsìnkú, àṣìṣe ò ríbi sá sí níbẹ̀. Irú ẹ̀rọ Epson L805 àti L1800, ìgò íǹkì mẹ́fà ló ní, dúdú kan ṣoṣo ló sì wà nínú wọn. Àwọ̀ eérú tó o ń rí lójú ìyá yẹn, ẹ̀rọ sábà máa ń po àwọn àwọ̀ yòókù mọ́ dúdú kó tó rí i. Tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyá á di aláwọ̀ ewé tàbí elésè àlùkò. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí ẹni tó pààrọ̀ ìgò dúdú nìkan, tó ní òun ń ṣọ́wó ná. Bí o bá máa pààrọ̀, pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Béèrè irú èyí tó jẹ́ kó o tó sanwó. Íǹkì dye máa ń wọ inú pépà. Pigment máa ń jókòó sórí rẹ̀, ó sì sábà máa ń pẹ́ kó tó ṣá. Tí o bá da méjèèjì pọ̀ nínú ẹ̀rọ kan, wọ́n lè dì, kí wọ́n dí ihò orí ẹ̀rọ. (Àwa tó fi oògùn fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn ò mọ irú ìyọnu yìí; òórùn ni tiwa.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìnà rèé. Ọmọkùnrin kan á da íǹkì tuntun sínú táńkì láàárọ̀, á tẹ fọ́tò kan, á rí i pé ó dára, á wá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Máfólúkù pé òun ti rí íǹkì. Rárá o! Íǹkì àtijọ́ ló ṣì kún inú rọ́bà tó lọ láti táńkì dé orí ẹ̀rọ. Òun ló tẹ fọ́tò yẹn. Tuntun á máa yọ́ wọlé, àwọ̀ á máa yí díẹ̀díẹ̀, títí oníbàárà á fi kó iṣẹ́ padà wá. Lo ti àtijọ́ tán débi tó bá ṣeé ṣe, jẹ́ kí ẹ̀rọ fa tuntun dé orí, kó o tó gbà pé ìdánwò bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò irun dídì ni kó o fi dán an wò. J.D. 'Okhai Ojeikere, tó kú lọ́dún 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dúdú àti funfun ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà lọ́dún 1968. Wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kó o rí bí okùn irun kan ṣe yàtọ̀ sí èkejì níbi tó ṣókùnkùn. Íǹkì tí kò dára á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di èédú. Fi fọ́tò léèsì funfun kún un, kó o lè rí ibi tó mọ́lẹ̀ náà. Pépà tó o máa fi ṣiṣẹ́ gan-an ni kó o lò, torí profile àwọ̀ inú kọ̀ǹpútà rẹ, íǹkì kan àti pépà kan ni wọ́n ṣe é fún. Jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kó o wò ó lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, kó o tún gbé e jáde sí oòrùn. Gé e sí méjì. Lẹ ìdajì mọ́ ibi tí oòrùn ti ń wọlé, fi ìdajì kejì sínú ìwé, kó o fi wọ́n wé ara lẹ́yìn oṣù kan.

Tó bá yege, ra èyí tó máa tó ọ lò lọ́wọ́ ẹni kan náà, kọ ọjọ́ tó o ṣí ìgò sí i lára. Bí páálí tó kàn bá yàtọ̀, tún un dán wò. Iṣẹ́ ìsìnkú tó bá sì wà nílẹ̀, íǹkì àtijọ́ ni kó o fi parí rẹ̀ kó o tó pààrọ̀.