ÌTỌ́JÚ ALÙPÙPÙ

Nínú gbogbo ohun ìrìnnà tí ọ̀làjú gbé wọ ilẹ̀ Yorùbá, agbára káká ni a ó fi rí èyí tí ó súnmọ́ mẹ̀kúnnù tó alùpùpù. Ibi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè dé, alùpùpù a máa dé ibẹ̀. Òun ni ó ń gbé àgbẹ̀ lọ sí oko tí ó wà ní ẹ̀yìn odò. Òun ni ó ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé ìwé abúlé. Òun náà ni a sì máa ń sáré wá ní ọ̀gànjọ́ òru nígbà tí aboyún bá ń rọbí. Ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni àwọn àgbà gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní alùpùpù. Nígbà tí ó di ohun tí a fi ń gbé èrò fún owó, àwọn ènìyàn tún fún un ní orúkọ mìíràn, èyíinì ni ọ̀kadà. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983 ni wọ́n yá lò, nítorí pé bí ọkọ̀ òfurufú ti ń fò kọjá lórí ohun gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù ń gba àárín àwọn ọkọ̀ tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá dúró.

Bí ó ti wúlò tó nì, bẹ́ẹ̀ ni ó léwu tó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fi dúró, irin ni ó sì fi bo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì péré ni alùpùpù ní, kò sì sí ohun tí ó bo ẹni tí ó gùn ún bí kò ṣe aṣọ ọrùn rẹ̀. Bí táyà ọkọ̀ kan bá bẹ́, ó lè fi mẹ́ta yòókù dúró. Bí ti alùpùpù bá bẹ́, ilẹ̀ ni ó kù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, “Igi gánganrán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.” Ohun tí ó dára ni pé alùpùpù kì í sábà bàjẹ́ lójijì. Ó máa ń fi àmì hàn ṣáájú, ẹni tí ó bá sì mọ àmì náà yóò tètè gba ara rẹ̀ là.

Táyà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ní òwúrọ̀, kí alùpùpù tó kúrò lójú kan, nítorí pé nígbà tí táyà bá tutù ni gééjì ń sọ òtítọ́. Nígbà tí ó bá ti sáré, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a gbóná, gééjì a sì fi iye tí ó ju bí ó ti yẹ lọ hàn. Ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré ń fẹ́ ìwọ̀n bí 25 lórí gééjì fọkanáísà fún táyà iwájú, àti bí 28 fún ti ẹ̀yìn. Bí èrò yóò bá jókòó lẹ́yìn, ti ẹ̀yìn a gòkè dé bí 32. Ìwé atọ́nà tí ó bá alùpùpù wá ni yóò sọ iye gan-an. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa gbóná, a máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún ní kọ́nà, ihò ọ̀nà a sì máa gé túùbù inú rẹ̀. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù a máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí bọ́ọ̀lù, kò sì ní di ilẹ̀ mú. Àwọn ìlà tí a gbẹ́ sí ojú táyà kì í ṣe ọnà lásán. Inú wọn ni omi òjò ń gbà jáde kí rọ́bà lè kan ọ̀dà. Nígbà tí wọ́n bá ti pa rẹ́, kò sí ọgbọ́n tí ọlọ́kadà lè dá tí táyà náà kò fi ní yọ̀ ní ọjọ́ òjò.

Lẹ́yìn táyà ni búréèkì. Méjì ni alùpùpù ní: ti iwájú, tí a ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà, àti ti ẹ̀yìn, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bẹ̀rù ti iwájú, tí ó jẹ́ pé ti ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń lò. Àṣìṣe gbáà ni èyí. Nígbà tí alùpùpù bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ a rọ́ síwájú, táyà iwájú a sì di ilẹ̀ mú ju ti ẹ̀yìn lọ. Nítorí náà, búréèkì iwájú ni ó lè ṣe iṣẹ́ jù. Kí a rọra lo méjèèjì pọ̀, kí a sì ti lò wọ́n kí a tó dé kọ́nà, kì í ṣe ìgbà tí a bá ti wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ búréèkì iwájú gbọ́dọ̀ rìn bíi mìlímítà 10 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ti ẹsẹ̀ lè rìn tó 20 sí 30. Bí ó bá ń rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tì náà bá ti dé òpin, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti jẹ tán nìyẹn, pípààrọ̀ ni ó kù. Ẹni tí ó bá la àgbàrá kọjá kò gbọdọ̀ sáré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó rọra máa tẹ búréèkì bí ó ti ń lọ jẹ́jẹ́, títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ṣéènì ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà ẹ̀yìn. Bí a bá fi ìka gbé àárín rẹ̀ sókè tí a sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ó yẹ kí ó rìn tó mìlímítà 20 sí 30. Bí ó bá dẹ̀ jù, ó lè já bọ́ lórí eré, kí ó sì há táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Bí ó bá le jù, yóò jẹ ara rẹ̀ àti ohun tí ó ń yí. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni a fi ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, a ó nù ún gbẹ, a ó sì fi ọ́ìlì pa á. Ó dára kí a máa ṣe èyí ní bíi kìlómítà 500 síra wọn, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ṣéènì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ìka ọwọ́ kì í hù padà.

Ọ́ìlì sì ni ẹ̀jẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Kì í jẹ́ kí irin máa ha irin, ó ń gbé ooru kúrò, ó sì ń kó ìdọ̀tí mọ́ra. Nítorí pé bíi lítà kan péré ni ẹ́ńjìnnì kékeré ń gbà, díẹ̀ tí ó bá dín nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni a ti ń wò ó, kí alùpùpù sì dúró ṣánṣán. Ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 2,000 sí 3,000. Ọlọ́kadà tí ó bá ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́ yóò pé 2,000 láàárín ogúnjọ́. Nítorí náà, kò lè fi ìgbà tirẹ̀ wé ti olùkọ́ tí ó ń gun alùpùpù lọ sí ilé ìwé nìkan. Nínú alùpùpù tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, bí èéfín aláwọ̀ aró bá ń jáde láti ìdí sàlẹ́ńsà, ọ́ìlì ni ó ń jó níbẹ̀, ó sì tó kí a mú un tọ mẹkáníìkì lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Eruku ọ̀nà oko a máa dí asẹ́ tí ó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí èémí mí a sì máa jẹ epo láìní agbára. Púlọ́ọ̀gì ni yóò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí ó bá tú u wò: bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ara ẹ́ńjìnnì le; bí ó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ; bí ó bá funfun, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ìtọ́jú yìí ti rọrùn tó, kí ni ó dé tí ọ̀pọ̀ fi ń pa á tì? Owó ni ìdáhùn. Púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́kadà ni kò ní alùpùpù tí wọ́n ń gùn. Wọ́n gbà á láti máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Owó olówó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá lójúmọ́, lẹ́yìn náà oúnjẹ ọmọ, ọ́ìlì a wá di ti ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì tán nínú rẹ̀ a máa gan pa, ọlọ́kadà náà a sì jókòó sílé fún ọjọ́ púpọ̀ láìrí owó olówó tàbí oúnjẹ ọmọ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ó ku àwọn ohun tí a ń fi kún alùpùpù. Àwọn kan jẹ́ ẹ̀ṣọ́, àwọn kan jẹ́ ààbò, ó sì yẹ kí owó tó ti ààbò kí a tó ra ti ẹ̀ṣọ́. Akoto ni olórí wọn. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto ní oṣù kìíní ọdún 1909+100, èyíinì 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní ìlú Kánò dé igbá gbígbẹ sórí kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n igbá tí ó bá já bọ́ láti orí àga a máa fọ́. Báwo ni yóò ṣe gba orí là lójú ọ̀dà? Akoto tòótọ́ ní èèpo líle lóde, fóòmù nínú, àti okùn tí a ń so mọ́ àgbọ̀n. Fóòmù náà ni ó ń rún kí ọpọlọ má baà rún. Nígbà tí ó bá ti rún lẹ́ẹ̀kan, kì í padà sípò. Nítorí náà ni a kì í fi lo akoto tí ó ti bá ni ṣubú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé akoto tí a dé dáadáa lè dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, kí ó sì dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Yorùbá a máa bẹ orí rẹ̀ pé kí ó gbe òun. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń bẹ orí bo orí náà.

Aṣọ pẹ̀lú jẹ́ ewu tí a kì í rántí. Ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí a ti ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù tí a ń gùn ní Nàìjíríà, àwọn obìnrin a máa wọ aṣọ gígùn tí a ń pè ní sárì. Òfin ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí alùpùpù ní ohun tí yóò bo ìdajì táyà ẹ̀yìn, ó kéré tán, kí aṣọ èrò má baà wọ inú rẹ̀. Ìró àti agbádá kò kúrú ju sárì lọ. Ẹni tí ó bá tú ìbòrí bẹ́ẹ̀ sọnù nítorí kí alùpùpù rẹ̀ lè fúyẹ́ ti ṣe ara rẹ̀ àti èrò rẹ̀ ní ibi. Bákan náà ni díńgí méjèèjì: àwọn kan ń tú wọn kí wọ́n lè ráyè kọjá láàárín ọkọ̀, wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ fọ́ ojú ẹ̀yìn ara wọn. Agbòjò ńlá tí àwọn mìíràn ń so mọ́ iwájú ń gba òjò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba ìjì pẹ̀lú, ìjì a sì máa darí alùpùpù síbi tí ó wù ú.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì tó gun alùpùpù fúnra rẹ̀ ní ipa tirẹ̀, nítorí pé èrò ni lójoojúmọ́. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ó wo táyà, kí ó wo ṣéènì, kí ó sì béèrè akoto. Bí èrò bá ti wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, tàbí bí ọtí bá ń rùn lẹ́nu ọlọ́kadà, kí ó dúró de òmíràn. Kí ó gba apá òsì gùn ún, nítorí pé apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà gbígbóná wà nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù. Bí ó bá pẹ́ dé ilé ìwé, olùkọ́ lè bá a wí. Ìbáwí náà yóò tán ní ọjọ́ kan. Ìyá tí ó ń retí ìró alùpùpù ní ìrọ̀lẹ́ kò bìkítà bóyá ó yára tàbí kò yára, bí ó bá ṣáà ti gbé ọmọ òun dé.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà ní òwúrọ̀?
2. Ṣàlàyé ìdí tí kò fi dára láti máa lo búréèkì ẹ̀yìn nìkan.
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín igbá àti akoto tòótọ́?
4. Kọ àròkọ lórí àkọlé yìí: “Ohun tí mo máa ń wò kí n tó gun ọ̀kadà.”