Pípín Ilé-Ìpamọ́ Kọ̀ǹpútà sí Méjì

Bí baba bá kú, tí ó fi ilẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọmọ méjì, àwọn àgbà kì í jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé lójú ẹsẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ náà, wọn a sì gbin pèrègún sí ojú ààlà, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí tirẹ̀ dé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ilé-ìpamọ́ inú láptọ́ọ̀pù, èyí tí à ń pè ní hard disk, rí nígbà tí a bá fẹ́ kí ètò ìṣiṣẹ́ méjì máa gbé inú rẹ̀.

Ètò ìṣiṣẹ́ ni ọ̀gá tí ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Láìsí i, irin lásán ni ẹ̀rọ náà. Windows, iṣẹ́ ọwọ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a ń rà. Òmíràn ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Orí Linux ni a gbé e kà, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu.

Kí ni ènìyàn fẹ́ fi méjì ṣe? Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kò kájú òṣùwọ̀n Windows 11. Ẹni tí ó ní irú rẹ̀ lè máa fi Ubuntu wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì pa Windows mọ́ fún iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Ní Òkè-Àdó wa yìí, ilé tí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo wà fún tẹbí-tará kò ṣọ̀wọ́n. Ìṣirò ọjà ìyá, lẹ́tà bàbá àti iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Bí a bá ṣi ààlà pa, gbogbo rẹ̀ lè parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, èkíní, kọ́kọ́ da ohun gbogbo tí o kò fẹ́ kí ó sọnù kọ sí ibi ìpamọ́ mìíràn, kí o sì ṣí wọn wò lórí ẹ̀rọ mìíràn láti rí i pé wọ́n pé. Bí Windows bá ti fi BitLocker ti ilé náà pa, kọ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i sínú ìwé.

Èkejì, jẹ́ kí bátìrì kún, nítorí iná mànàmáná wa kì í dágbére kí ó tó lọ.

Ẹ̀kẹta, Disk Management tí ó wà nínú Windows ni kí o fi dín ìpín Windows kù. Nínú ilé-ìpamọ́ tí ó jẹ́ gígábáìtì 256, bí àyè bá ṣófo tó, a lè gé 60 sọ́tọ̀. Ubuntu ń béèrè fún 25 ó kéré tán. Fi èyí tí o gé sílẹ̀ bí ilẹ̀ òfìfo.

Ẹ̀kẹrin, gbé Ubuntu sínú fláàṣì, kí o sì ti ibẹ̀ tan ẹ̀rọ náà. Ohun tí ó wà nínú fláàṣì yìí tẹ́lẹ̀ yóò parẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí o kó ẹrù rẹ pamọ́ sí. Ubuntu yóò béèrè bóyá kí òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows ni, tàbí kí òun pa ohun gbogbo rẹ́. Kà á lẹ́ẹ̀mejì kí o tó dáhùn pé ẹ̀gbẹ́ Windows ni.

Láti ọjọ́ náà lọ, nígbàkúùgbà tí o bá tan ẹ̀rọ náà, GRUB yóò dúró bí oníbodè, yóò sì béèrè ilé tí o ń lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kì í ṣe pípín ilẹ̀ ni ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, bí kò ṣe pípín in kí a tó kó ẹrù ẹni kúrò lójú ààlà.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ ètò ìṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà?
2. Èéṣe tí a kò fi gbọdọ̀ lo fláàṣì kan náà fún ẹrù wa àti fún Ubuntu?
3. Kọ àròkọ lórí àkòrí yìí: “Ohun-ìní tí gbogbo ilé jọ ń lò.”