Oko Ọsàn Bàbá Mi ní Ifẹ̀wàrà: Ṣé Ká Gé E Ni?

ÌBÉÈRÈ

Iléṣà ni mo ti ń ránṣọ, àmọ́ Ifẹ̀wàrà ni ilé bàbá mi. Bàbá fi oko ọsàn kan sílẹ̀ fún wa níbẹ̀. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà méjì, igi tó kù níbẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún. Ọsàn àgíríìkì ni gbogbo rẹ̀, láàárín 1993 sí 1995 ni bàbá gbìn ín.

Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, ìyá ọlọ́sàn kan láti Ìbàdàn ló ń ra oko náà lórí ìdúró. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń wá, nígbà tí èso ò tíì gbó. Wọ́n á rìn yíká oko, wọ́n á dá iye lé e, wọ́n á san apá kan. Tó bá di Oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọọṣẹ́ wọn á wá ká a, ọkọ̀ á sì kó o lọ. Ká tó san owó àwọn tó bá wa ro oko, ohun tó ń kù kì í tó nǹkan. Ìgbà tí mo wá dé Òṣogbo, tí mo rí iye tí wọ́n ń ta ẹyọ mẹ́rin, inú bí mi débi pé mi ò lè ra ọ̀kan mu.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká gé gbogbo igi náà, ká gbin kòkó, nítorí owó tí àwọn olóko kòkó rí lọ́dún 2024. Àbúrò wa ní ká ta ilẹ̀ kan tó wà nílùú, ká fi ra ẹ̀rọ tó ń fún omi ọsàn, ká máa rọ ọ́ sínú ike tà. Èmi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ọmọ Olóko, Iléṣà

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Má jẹ́ kí wọ́n gé igi náà. Má sì jẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ ra ẹ̀rọ. Àárín ìdí igi sí etí títì ni owó yín ti ń jò, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ìwọ àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rẹ kọ́kọ́ wò.

Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, o kò sọ iye ọsàn tó wà lórí igi kan. Mo mọ ìdí rẹ̀: ẹ kò kà á rí. Ìyá ọlọ́sàn ti kà á. Nígbà tí wọ́n ń rìn yíká oko lóṣù Kẹjọ yẹn, ojú wọn ń ṣe ìṣirò, torí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá wá jókòó láti ná an, ẹnì kan mọ ohun tó ń rà, ẹnì kejì ò mọ ohun tó ń tà. Ta ni ẹ rò pé yóò dá iye tó tọ́ síi?

Ọgbọ́n kíkà rẹ̀ ò le. Yan igi mẹ́wàá káàkiri oko: kí èyí tó so jọ̀bọ̀tọ̀ wà níbẹ̀, kí èyí tó so díẹ̀ wà níbẹ̀, kí o má sì gbàgbé àwọn tó wà létí ọ̀nà, tí àwọn tó ń kọjá ti ká lára wọn. Fojú pín orí igi kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ka èso ìdá kan, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ro ti mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, pín in sí mẹ́wàá, kí o wá fi iye igi tó so ṣe ìlọ́po rẹ̀. Kò ní bá a géérégé, ṣùgbọ́n yóò sún mọ́ ọn. Ká ní ẹ̀ ń fọkàn sí 250 lórí igi kan, tó sì jẹ́ pé 400 ló wà níbẹ̀. Lórí igi 300, ẹ rò pé 75,000 lẹ̀ ń tà, nígbà tó jẹ́ pé 120,000 ló wọnú ọkọ̀. Ọsàn 45,000 ti bá ọ̀nà Ìbàdàn lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni jí i.

Kì í ṣe pé mò ń pe ìyá náà lólè o. Àwọn ló ń san owó àwọn tó ń ká a, àwọn ló ń san owó ọkọ̀, àwọn ló ń san gbogbo owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà, àwọn náà ló sì ń jẹ gbèsè èyí tó bá rà kó tó dé ọjà Òjé n'Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ láàárín Ifẹ̀wàrà sí Ifẹ̀, àwọn ni wọ́n máa sùn tì í. Ewu wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń dá iye, wọn kò sì jẹ̀bi. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ gba díẹ̀ nínú ewu náà sórí ara yín, kí ẹ lè gba díẹ̀ nínú èrè rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọsàn fi sàn ju ọ̀pọ̀ èso lọ. Máńgòrò tó bá ti gbó kò ní dá ọ lọ́jọ́: bí o kò bá ká a, yóò já bọ́. Ọsàn tó gbó lè dúró lórí igi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ká a tán, adùn rẹ̀ kì í lé sí i mọ́. Orí igi yẹn gan-an ni àká rẹ̀. Ẹni tó bá ta gbogbo oko rẹ̀ lóṣù Kẹjọ ti ju àǹfààní yìí nù, nítorí inú Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kìíní ni ọsàn ti ń pọ̀ lójú kan náà. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń mú kí igi tanná. Oṣù bíi méje sí mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni èso ń gbó, gbogbo oko ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ti Ifẹ̀ á sì gbó pọ̀. Àkókò yẹn kan náà ni tírélà ń kó ti Benue wá sí ọjà èso Kétu l'Ékòó. Iye owó ò ṣe ní já wálẹ̀? Bẹ́ẹ̀ bó bá fi máa di Oṣù Kẹrin, èèyàn á máa wá ọsàn títí kó tó rí i.

Nítorí náà, ẹ pín oko yín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ ta apá kan fún ìyá ọlọ́sàn bí ẹ ti ń ṣe é, kí owó ìtọ́jú oko lè wọlé. Ẹ ká apá kejì fúnra yín ní Oṣù Kejìlá, kí ẹ tà á ní àpò ní Iléṣà tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀nà ò ti jìn. Ẹ dá apá kẹta dúró dé ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ìyẹn dáadáa. Ààwẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Lọ́dún 2018, Oṣù Karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀, ọsàn ti tán lórí igi nígbà yẹn. Lọ́dún 2026, Oṣù Kejì ló bọ́ sí, fún ọdún bíi mélòó kan sí i, inú àsìkò ọsàn ni yóò ṣì máa bọ́ sí. Àwọn aláàwẹ̀ Òṣogbo, Ẹdẹ àti Ìwó máa ń fi ọsàn ṣínu. Àgbẹ̀ tó bá ní ọsàn tó tutù yọ̀yọ̀ lórí igi láàárín oṣù yẹn ni wọn yóò máa bẹ̀.

Ẹ má fi àwọ̀ díwọ̀n o. Ọsàn ọ̀dọ̀ wa lè gbó kó dùn kó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, nítorí òru wa kì í tutù tó ohun tó ń mú un pọ́n bíi ti Gúúsù Áfíríkà. Ẹ la ẹyọ mélòó kan láti ara igi mélòó kan, kí ẹ tọ́ ọ wò.

Kíká rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dùn mí jù. Wọ́n á fi ọ̀pá fa ẹ̀ka, ọsàn á máa já lu ilẹ̀ gbì, gbì, wọ́n á sì ṣà á sínú àpò. Ó ń dán lójú, ṣùgbọ́n inú ti fọ́, kò sì ní pé ọjọ́ mélòó kan tí èbù á fi bò ó, tí yóò sì kó ran àwọn tó wà nínú àpò kan náà. Ẹ lo àkàsọ̀, kí ẹni tó ń ká a so àpò mọ́ ọrùn, kó fi ọ̀bẹ kékeré gé ìdí èso. Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí èèpo ọsàn a máa le pọ́n-ún láàárọ̀, bí ọwọ́ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, epo inú èèpo náà á jó o, yóò fi àbàwọ́n sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí yóò ká a ti ṣọ̀wọ́n lágbègbè yín, torí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ti wọ kòtò wúrà lọ. Ìdí kan tún nìyẹn tó fi dára kí ẹ pín kíká rẹ̀ sí oṣù mẹ́ta, dípò kí ẹ máa wá ogún èèyàn lọ́jọ́ kan.

Ó kan ọ̀rọ̀ kòkó. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò parọ́: ní Oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan lé ní 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e débẹ̀ ni pé òjò àti àrùn ba oko jẹ́ ní Ghana àti Côte d'Ivoire, kí ọdún 2025 sì tó parí, iye yẹn ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Kòkó tí ẹ bá gbìn lónìí kò ní so dáadáa kó tó pé ọdún mẹ́rin. Ta ló mọ iye tí yóò jẹ́ nígbà náà? Bí ẹ bá ní ilẹ̀ mìíràn tó tutù, tó wà nítòsí odò, kí ẹ̀gbọ́n gbin kòkó síbẹ̀, inú mi á dùn sí i. Kò yẹ kí igi tó ti ń so kú nítorí igi tí a kò tíì gbìn.

Àmọ́ ẹ wo inú oko yín. Bí a bá gbin ọsàn ní mítà méje síra wọn, hẹ́kítà kan máa ń gba igi 204. Hẹ́kítà méjì yín yẹ kó gba igi tó lé ní 400, nǹkan bí 300 ló kù. Ibi tí igi ọgọ́rùn-ún ti kú ṣófo níbẹ̀! Ẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT ní Ìdí-Ìṣìn n'Ìbàdàn, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, kí ẹ béèrè irúgbìn Valencia tí wọ́n ti fi ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara igi mìíràn. Ọsàn yìí máa ń pẹ́ kó tó gbó, ìgbà tí irú ọsàn tí wọ́n ń pè ní Agege 1 bá ń tán lọ ni tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin yóò ti máa so. Ẹ má ra ti ẹni tí ẹ kò mọ̀ létí títì. Àrùn kan tí kòkòrò kékeré ń gbé láti igi dé igi ni wọ́n rí ní Florida lọ́dún 2005, láti ìgbà náà ni oko ọsàn ti ń kú tọwọ́ tẹsẹ̀ níbẹ̀. Irúgbìn aláìsàn sì wà lára ohun tó ń gbé e rìn.

Nígbà tí ẹ bá ti wà lórí àkàsọ̀, ẹ gé àfòmọ́ kúrò. Ẹ gé e mọ́ ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀, kó tó yọ èso, torí bí ẹyẹ bá ti jẹ èso àfòmọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ lórí igi kejì ni yóò tún hù sí. Ẹ ṣa gbogbo ọsàn tó bá já bọ́, kí ẹ gbẹ́ ihò tó jìn kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Inú wọn ni ìdin eṣinṣin èso ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń jáde wọlẹ̀ láti di eṣinṣin tuntun. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa lábẹ́ igi nígbà òjò yóò ṣe yín láǹfààní púpọ̀.

Ti àbúrò rẹ ló kù, mo sì fẹ́ràn ọkàn rẹ̀. Inú àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ Lafia sílẹ̀ n'Ìbàdàn láti máa fi omi èso sínú agolo, nítorí náà kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò ronú kàn án rí. Ìṣòro náà ni pé ẹni tó ń jẹ ọsàn lọ́wọ́ ń san ju ohun tí ilé-iṣẹ́ lè san lọ. Ìjọba fòfin de omi èso inú páálí láti òkè òkun, àmọ́ èyí tí wọ́n ti gbẹ omi rẹ̀ títí ó fi ki ṣì ń wọlé, irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa ń po. Ilẹ̀ Bràsíl ló ń ṣe é jù lọ láyé. Ẹ̀rọ kékeré kan ní Ifẹ̀wàrà kò lè bá ìyẹn du iye. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi ọsàn tí a kò sè, ọjọ́ tí a bá fún un náà ni a gbọ́dọ̀ mu ún, bí kò bá sí yìnyín. Tí ẹ bá sì fẹ́ rọ ọ́ sínú ike tà ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé àṣẹ NAFDAC di dandan.

Kí àbúrò ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ fún ọsàn, kó máa gba iṣẹ́ òde ìgbéyàwó ní Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé. Kó fún un lójú àwọn àlejò, kó lo yìnyín púpọ̀. Ọsàn tó kéré tàbí tí èèpo rẹ̀ ní àbàwọ́n, tí ọlọ́jà kì í fẹ́, ni kó máa lò. Bí àwọn oníbàárà bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, kó lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì l'Ékòó, kó tó dárúkọ ẹ̀rọ ńlá.

Bí ìyá ọlọ́sàn bá ti san owó àkọ́kọ́ fún ọsàn tó wà lórí igi báyìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ká gbogbo rẹ̀ bí ẹ ti jọ ṣàdéhùn. Kí ẹ wá pè wọ́n jókòó, kí ẹ fi ohun tí ẹ kà hàn wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn pé láti àsìkò tó ń bọ̀, apá kan oko lẹ ó máa tà fún wọn, ní iye ẹyọ. Wọ́n lè bínú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ oko yẹn ju ọlọ́sàn mìíràn lọ, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé wọn kì í jẹ owó yín. Kọ ìwé sí mi nígbà tí o bá ti ka igi mẹ́wàá náà tán, kí n bá ọ wo iye tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.