Ṣé Omi Ni Wọ́n Bù Mọ́ Gáàsì Mi Ni?

Oúnjẹ ni mò ń tà ní Tudun Wada, níbí ní Zaria. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni gáàsì ti ń dà mí láàmú. Bí mo bá tan iná ní ìdájí láti se ìrẹsì, á kọ́kọ́ jó dáadáa, kó tó pẹ́, agbára rẹ̀ á rọlẹ̀. Tí mo bá mi sílíńdà, mò ń gbọ́ ohun tó ń dún bí omi nínú rẹ̀. Tó bá dọ̀sán, ìyókù yẹn tún máa ń jó. Àwọn kan ní omi ni ẹni tó tà á fún mi bù mọ́ ọn. Ọmọ mi ní ká gbé e sínú omi gbígbóná, tàbí ká dorí rẹ̀ kodò. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Olóúnjẹ, Tudun Wada, Zaria

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọjà, mà, ẹ sì kú òtútù. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó má gbé sílíńdà náà sínú omi gbígbóná, kó má sì dorí rẹ̀ kodò.

Ohun tí ẹ ń gbọ́ yẹn, gáàsì gan-an ni. Propane àti butane ló pọ̀ jù nínú gáàsì ìdáná, bí wọ́n bá sì fún wọn mọ́ inú irin, wọ́n á di olómi. Lítà kan olómi yìí, tó bá bọ́ sí ìta, á fẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 250. Gáàsì tó wà lókè olómi náà ló ń gba inú rọ́bà lọ sójú iná, bó sì ṣe ń jáde ni díẹ̀ nínú olómi ń hó láti rọ́pò rẹ̀.

Híhó yẹn ló fa wàhálà yín. Kò sí olómi tó ń di gáàsì láìgba ooru, ara olómi tó kù àti ara irin ló sì ti ń gbà á. Tí iná bá ti jó fún ìgbà díẹ̀, ẹ fọwọ́ pa sílíńdà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ó kan ibi tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni olómi dé. Òfin yìí náà ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, lò nígbà tó ki ìkòkò amọ̀ kan bọ inú òmíràn, tó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn. Bí omi inú iyanrìn ṣe ń gbẹ lọ, ó ń kó ooru kúrò lára tòmátì àti ẹ̀fọ́ tó wà nínú. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Ohun tó ń gba tòmátì là ní Jigawa ló ń pa iná yín ní Tudun Wada.

Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ tó yí sílíńdà ká ń dá ooru padà fún un. Ní ìdájí ọyẹ́, ooru wo ló fẹ́ rí gbà? Propane kò bìkítà, torí ìwọ̀n 42 Celsius sísàlẹ̀ òdo ló ti ń hó. Ìtòsí òdo ni ti butane. Bí iná ńlá bá ti fa olómi náà tutù dé ìtòsí ibẹ̀, kò ní lágbára mọ́ láti ti gáàsì jáde. Propane ló sì ń yára jáde jù, nítorí náà butane ló máa ń pọ̀ jù nínú ìyókù tó ń dún létí yín.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Wọn kì í rọ gáàsì kún sílíńdà ju nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 lọ, torí olómi yìí máa ń wú tí ooru bá mú un. Olómi kò ṣeé fún mọ́ra bí afẹ́fẹ́. Tí kò bá ti ráyè wú sí mọ́, irin ló máa ya. Tí ẹ bá sì dorí rẹ̀ kodò, olómi fúnra rẹ̀ ni yóò wọ rọ́bà, á dé ojú iná, á fẹ̀ lójijì, iná á sì bo ẹni tó dúró tì í. Ẹ̀rù èyí ń bà mí gan-an, pàápàá fún ẹni tó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná nítorí ọyẹ́. Gáàsì tó bá jò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: propane fi ìdajì wúwo jù ú, butane tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń rá, kì í gòkè lọ bá fèrèsé. Tí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ pa ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo èèyàn sì bọ́ síta. Ẹ má fọwọ́ kan iná mànàmáná, ìbáà ṣe láti tàn án tàbí láti pa á.

Ohun tí ẹ lè ṣe kò le. Tẹ́ ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ ra sílíńdà tó tóbi sí i, tàbí kí ẹ ní méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí ọ̀kan máa sinmi. Ẹ má jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó lọ rọ gáàsì lásìkò ọyẹ́. Ẹ dín ojú iná kù díẹ̀ láàárọ̀.

Ní ti ẹni tó ń tà á fún yín, sikéèlì ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ìwọ̀n sílíńdà òfìfo wà lára irin rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lókè. Ní ọ̀sán tí oòrùn mú, tí gáàsì bá ti jó tán pátápátá, ẹ gbé e sórí sikéèlì. Bó bá sún mọ́ iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má fura sí i. Bó bá wúwo jù ú lọ dáadáa, tí nǹkan ṣì ń mì nínú rẹ̀, tí kò sì jó, nígbà náà ni kẹ́ ẹ gbé e padà lọ bá a.